Ìbéèrè Tí Ọdẹ́bùnmi Sá Fún

Ẹ sún mọ́ ibí jàre. Òjìji igi máńgòrò yìí kò kéré, ó gba gbogbo wa, ẹ má jẹ́ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa pa yín lórí bí ẹni tí kò ní ẹbí. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ jókòó síwájú, nítorí yín ni mo ṣe wá. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yìn ni tiyín, kí ẹ sì panu mọ́, nítorí ẹ̀yin gan-an lẹ ń fi ariwo da àyà àwọn ọmọ rú. Ọ̀gá ilé ìwé ló ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìdánwò ìṣirò tí ẹ óò ṣe lọ́la. Ó ní àwọn kan ti ń sunkún láti àná. Ó ní ọ̀kan tilẹ̀ ní inú ń run òun, wọ́n wo inú títí, inú kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó wá náà ló wá.

Èmi Ọdẹ́yalé ọmọ Ọdẹ́níran, èmi tí ẹfọ̀n pàdé lójúkojú tí ẹfọ̀n ní òun gbàgbé nǹkan sílé, n kò mọ̀wé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rù, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọ̀nà oko baba mi, n kò sì rí ẹni tó bá a wọ̀yá ìjà tó àbúrò mi obìnrin, Ọdẹ́bùnmi. Ìtàn tirẹ̀ ni n ó sọ. N kò sí níbẹ̀, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, Ọdẹ́bùnmi kì í sì í purọ́. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, èmi ni mo fi kún un kí ó lè dùn létí yín.

Láyé ìgbà yẹn, Aba Ọdẹ́níran ni à ń gbé, baba wa ló sì tẹ̀ ẹ́ dó. Ilé ìwé wà lókè odò, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, irin àgbá ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n so mọ́ igi tí wọ́n fi ṣe agogo. Ní òwúrọ̀, bí mo bá ń ti inú ìgbẹ́ bọ̀ tí ìrì ń kán sí mi lọ́rùn, ohùn àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Wọn á máa kọ ìṣirò lórin, wọn á máa mì bí ọ̀pẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo máa ń dúró gbọ́ ọ, ẹran tí mo pa á máa wọ̀ mí léjìká. Ah, ayé ti lọ! Bí ẹ bá ní kí n fi gbogbo ẹran tí mo ti pa láyé mi gba òwúrọ̀ kan péré padà nínú ìgbà náà, n ó kó wọn sílẹ̀ fún yín láìwẹ̀yìn.

Ọdẹ́bùnmi nìkan ni obìnrin nínú ìwé kẹfà. Ìṣirò rọ̀ ọ́ lọ́rùn nílé bí ẹ̀kọ. Yóò máa bẹ gbágùúdá lójúde, Tíṣà Ẹkúndayọ̀ yóò máa gun kẹ̀kẹ́ kọjá, á ju ìbéèrè sí i láìsọ̀ kalẹ̀, òun náà á dáhùn láìgbójú kúrò lára ọ̀bẹ. Tíṣà á máa rẹ́rìn-ín lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé tíṣà ni Ọdẹ́bùnmi fẹ́ dà. Àwọn ewúrẹ́ wa pàápàá mọ̀, nítorí òun ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pé, tí wọ́n kó wọn lọ sí ìlú ńlá, tí wọ́n kó wọn sínú gbọ̀ngàn kan tó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, tí alábòójútó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tí ó ń rìn láàrin wọn láìdún, nǹkan yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ojú rẹ̀ ṣú. Àwọn iye tó wà lórí bébà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí èèrà tí wọ́n da omi sí ní ihò. Nígbà tó kan ìbéèrè tó gùn jù, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ka ìlà kan nínú rẹ̀, ó dojú bébà dé orí tábìlì bí ẹni tó dojú igbá délẹ̀, ó gbé orí lé e, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí agogo fi lù. Ó kùnà.

Baba wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta lójúmọ́, á jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Ó pe Ọdẹ́bùnmi, ó ní, "Ọdún kan sí i. Bí ó bá tún rí báyìí, Ìrágbìjí ni wàá lọ, lọ́dọ̀ àbúrò mi, kí o lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ." Ó dìde, ó wọlé. Aṣọ rírán kì í ṣe iṣẹ́ burúkú o, ìyá tó jókòó lọ́hùn-ún yìí, ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń kọ́ ewúrẹ́ níwèé láti kékeré, ẹ̀rọ aránṣọ kò lè tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní gbogbo ọdún yẹn, Ọdẹ́bùnmi kàwé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kà á ni ẹ̀rù ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tó sì tún dẹ́rù bà á jù ni ohun tí gbogbo wa mọ̀ nígbà náà, tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Ìbéèrè tí ọmọ bá sá fún kì í kú. Bí wọ́n bá ti kó bébà lọ tán, yóò dìde, yóò gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn jáde, yóò wọ igbó lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti máa jẹko tí yóò máa sanra. Bí ọdún bá yípo, yóò da aṣọ mìíràn bora, yóò padà wá bá ọmọ tó sá fún un.

Nítorí náà, nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọdẹ́bùnmi di ẹ̀kọ àti àkàrà sínú ewé, ó ní òun ń lọ pàdé ìbéèrè náà nínú igbó kí ó tó wá bá òun. Mo gbé ìbọn, mo ní mo ń tẹ̀ lé e. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé ìbọn yín kalẹ̀. Bí ẹ bá yìnbọn pa ìbéèrè, ṣé ẹ ó bá ìdáhùn nínú ikùn rẹ̀ ni?"

Mo gbé ìbọn kalẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, gba ohun kan lọ́wọ́ mi. Ọdẹ kì í fa ìbọn nígbà tí èémí rẹ̀ ṣì wà lókè. Bí àyà rẹ bá ń lù, má ṣe nǹkan kan. Mí kanlẹ̀ ná. Jẹ́ kí èémí náà jáde tán pátá, kí o tó tún fa òmíràn." Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo kọ́ ọ. Bí wọ́n bá sọ ìtàn yìí níbòmíràn tí wọn kò dárúkọ mi, ẹ mọ̀ pé olè ni wọ́n.

Ó wọ igbó. Bó ṣe wọlé báyìí, ó bá ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, Ọlọ́wọ́-Òtútù lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ga, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gùn dé ilẹ̀, wọ́n sì tutù wọ́n ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lódò. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ni àwọn ènìyàn jókòó sí bí kùkùté. Aṣọ ilé ìwé ló wà lára wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ti hu irùngbọ̀n, orí àwọn mìíràn ti funfun. Wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀, ètè wọn ń mì.

Ọlọ́wọ́-Òtútù di ọwọ́ Ọdẹ́bùnmi mú, ó ní, "Kí lorúkọ rẹ?"

Ọdẹ́bùnmi la ẹnu. Orúkọ kò sí níbẹ̀! Ó wá a lórí ahọ́n, ó wá a lọ́nà ọ̀fun, kò rí i. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é jẹun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i fò lọ bí ẹyẹ.

"Àwọn tó jókòó yìí náà ń wá tiwọn," ni Ọlọ́wọ́-Òtútù wí. "Jókòó tì wọ́n. Ààyè wà."

Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ kí ó jókòó. Bó bá jókòó ni, ẹ̀yin ènìyàn mi, à bá máa wá a di òní. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. Ó mí kanlẹ̀. Ó jẹ́ kí èémí náà jáde, ó jáde tán, igbó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún mí. Ó kọ́kọ́ rántí orúkọ ìyá wa. Ó tún mí. Ó rántí pé ọdẹ ni baba òun, pé nígbà tí wọ́n bí òun, baba ní ọdẹ ló fún òun lọ́mọ.

"Ọdẹ́bùnmi!" ló pariwo. "Ọdẹ́bùnmi lorúkọ mi!"

Ọlọ́wọ́-Òtútù fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n n ó máa tẹ̀ lé ọ o. Ẹni tí mo bá ti bọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi àti rẹ̀ di ojúlùmọ̀."

Ọdẹ́bùnmi ní, "Máa tẹ̀ lé mi, ẹ̀yìn ni kí o sáà wà." Ó kọjá lọ. Ẹ ṣe é kí ẹ wò ó. Kò sọ pé kí ẹ̀rù má wà, ibi tí yóò dúró sí ló fi hàn án.

Ó rìn, ó rìn, ó yọ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìlú Oníkánjú. Yéè! Bí mo bá ń rántí ìlú yìí, ẹ̀rín á máa pa mí. Òrùlé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ níbẹ̀, wọn á gbé òrùlé dání, apá á máa ro wọ́n, kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí ògiri wà. Iṣu kì í jinná níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìkíni wọn ló burú jù. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ kí ẹnìkejì kí òun tán. Bí o bá ti ní "Ẹ kú," wọ́n ti dáhùn. Ọkùnrin kan wá kí aládùúgbò rẹ̀ tó bí ìbejì, ó ní, "Ẹ kú," kí ó tó sọ pé ewu ọmọ, baba ọmọ ti bú sẹ́kún, ó rò pé wọ́n wá kí òun kú àṣẹ̀yìndè. Gbogbo ilé gba ẹkún náà, wọ́n sun ún títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìbejì sì wà lórí ẹní tí wọ́n ń wò wọ́n. Ìyá Ràfíù, ẹ rọra rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín báyìí ló ń mú ẹ̀gbẹ́ dunni.

Oyè ni wọ́n fi ń dá ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn lọ́lá, yálà ó gbà á tàbí kò gbà á. Ìlú náà kún fún ìjòyè, kò sì sí ẹni tó mọ nǹkan kan. Wọ́n mú Ọdẹ́bùnmi lọ sáàfin, wọ́n ní ẹni tí kò bá dáhùn ìbéèrè ọba kò ní gba ìlú àwọn kọjá.

Ọba wọn jẹ́ arúgbó tí ojú rẹ̀ kún fún ìbànújẹ́. Ó ní, "Àdán márùn-ún so rọ̀ lórí igi ìrókò. Ọdẹ kan dé, ó gbé ìbọn sókè..."

"Ó pa méjì!" ni àwọn ìjòyè ké. "Ó ku mẹ́ta!" "Ó pa gbogbo wọn!" "Kò ku ẹyọ kan!" Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń nawọ́.

Ẹnu Ọdẹ́bùnmi náà ti là, mẹ́ta ti dé eyín rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gbé e mì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, mo ń gbọ́."

Ọba wò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rìn lórí afárá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. "Ó gbé ìbọn sókè, ó wò wọ́n... ó wá rí i pé òun gbàgbé ẹ̀tù sílé. Ó sọ ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ. Àdán mélòó ló wà lórí igi?"

"Márùn-ún ni, Kábíyèsí."

Omijé bọ́ lójú ọba. Ó ní, "Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí jọba, n kò parí ìbéèrè kan rí." Ó ní kí wọ́n ṣí ẹnu bodè fún un. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin ọmọ yìí. Bí ẹ bá dé ọ̀hún lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè sọ̀rọ̀ tán. Ìbéèrè pàápàá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun.

Lẹ́yìn ìlú náà ni pápá kan wà, àárín pápá náà ni ó ti rí i. Ìbéèrè tó sá fún ni. Ó ti sanra! Ó tóbi bí àká tí wọ́n kó àgbàdo ọdún mẹ́ta sí, ẹnu sì wà ní gbogbo ara rẹ̀, ní orí, ní ikùn, ní orúnkún, gbogbo ẹnu náà sì ń sọ̀rọ̀ papọ̀.

"Àgbẹ̀ kan ní oko!" "Oko náà wà létí odò!" "Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún tó kọjá!" "Ó gbin kòkó ní ìlà mọ́kàndínlógún!" "Ìyàwó rẹ̀ gbin ata!" "Igi márùndínlógójì ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan!" "Àgbẹ̀ náà ní fìlà pupa!"

Ọdẹ́bùnmi yí padà, ó sá. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan, ìbéèrè náà ga sí i. Bó ṣe gbé ìkejì, ó tún ga. Òjìji rẹ̀ bo gbogbo iwájú ọmọbìnrin náà. Ó rí i pé bí òun bá ń sá lọ, kò ní pẹ́ tí òjìji yìí yóò fi bo gbogbo ibi tí òun lè sá dé. Ó ronú kan Ìrágbìjí. Ó ronú kan àwọn ọmọ tí òun kò tíì kọ́, tí òun kò tíì mọ orúkọ wọn, àánú wọn sì ṣe é. Ó dúró. Ó mí kanlẹ̀, ó yíjú padà.

"Ẹ dákẹ́!" ló wí. "Ẹnu kan lẹ́ẹ̀kan!"

Ṣé ẹ mọ ohun tí àwa ọdẹ máa ń ṣe bí a bá pa erin? Kò sí akọni tó ń gbé odindi erin délé. Ibi tí erin bá wó sí ni a ti ń gé e, a ó kọ́kọ́ gé ìrù, kí ayé mọ̀ pé ẹnì kan ti bá a pàdé, lẹ́yìn náà a ó máa gé e lọ ní wẹ́wẹ́. Kékeré ni Ọdẹ́bùnmi ti ń bá wa dá iná níbi tí a ti ń gé ẹran, ojú rẹ̀ rí i. Ó bọ́ sídìí ìbéèrè náà, ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu.

"Ìwọ ẹnu ata, ṣé ata ni wọ́n ní kí n kà?" Ẹnu ata ní rárá, ó pa dé. "Ìwọ ẹnu fìlà pupa, kí ni fìlà ń ṣe nínú kòkó?" Ojú ti ẹnu fìlà, ó pa dé. Òjò pa dé. Odò pa dé. Bí ẹnu kan bá ti pa dé ni ìbéèrè náà ń joro, títí ó fi ku mẹ́ta péré. Ọ̀kan ń sọ iye ìlà. Ọ̀kan ń sọ iye igi. Ẹnu kẹta, tó kéré jù, tó fara pamọ́ sábẹ́ abíyá, ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Igi mélòó ni gbogbo rẹ̀?"

"Áà, ìwọ ni mo ń wá," ni Ọdẹ́bùnmi wí.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kò tíì tán. Nígbà tó fẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwé, àwọn iye náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní ilé ìwé, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń ka iye, wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n fi kíkà ilé sílẹ̀ nílé. Ó gbìyànjú, ó daṣẹ́ rú. Ó tún gbìyànjú, ó tún daṣẹ́ rú. Láìmọ̀, bó ṣe máa ń ka ebè pẹ̀lú baba wa lóko jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Oókàndínlógún," ló wí. Ó tún un wí. Ogún, tó dín ọ̀kan.

Ẹ ò rí i bí àwọn baba wa ṣe gbọ́n! Wọn kì í dúró sójú ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ ka nǹkan. Wọn á kọjá lọ síbi tí ilẹ̀ ti dúró dáadáa, wọn á wá padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdẹ́bùnmi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí àgbẹ̀ jẹ́ kó jẹ́ pé ogún ìlà ló gbìn. Márùndínlógójì lọ́nà ogún, ìyẹn kò le, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni. Ó wá ní kí àgbẹ̀ gba ìlà kan rẹ̀ padà, nítorí kò gbìn ín. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó dín márùndínlógójì. Ó fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé ìwé, mẹ́fà, mẹ́fà, márùn-ún, àwọn iye náà dúró jẹ́ẹ́ síbi tó fi wọ́n sí.

Ìbéèrè náà dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò ju ọmọ ewúrẹ́ lọ mọ́. Ó gbójú sókè, ó ń wo Ọdẹ́bùnmi bí ẹni tó ń wo àrà. Ó ní, "Bí ojú ènìyàn ṣe rí nìyí? Wọ́n ti ń sá fún mi láti kékeré. Gìgísẹ̀ wọn nìkan ni mo mọ̀."

Ọdẹ́bùnmi fọwọ́ pa á lórí. Ìbéèrè náà ní, "N ó tún wá o. N ó wọ aṣọ mìíràn, o kò ní dá mi mọ̀." Ọdẹ́bùnmi ní, "Máa bọ̀. Bí o bá dé, n ó ní kí o jókòó." Ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé.

Ṣé ẹ rò pé ìtàn tán? Ẹ jókòó! Igbó kọ́ ni wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Gbọ̀ngàn ńlá náà nìyẹn, ìbọ̀sẹ̀ funfun náà nìyẹn. Bí Ọdẹ́bùnmi ṣe gbé gègé báyìí, ọwọ́ tútù kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò wẹ̀yìn. Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "O ti dé? Jókòó sẹ́yìn." Ó mí kanlẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi rọ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe, ó pa ẹran kéékèèké sínú àpò ná. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sáré kọ, ó ti ń tọrọ bébà kejì. Ó dá Ọdẹ́bùnmi lójú pé ará Ìlú Oníkánjú ni, kò bá a sáré.

Ó wá kan èyí tó gùn jù. Kò sí kòkó nínú rẹ̀, kò sí àgbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló wà níbẹ̀, àti àpò ẹ̀pà, àti orúkọ àwọn ìlú tí kò dé rí. Ojú rẹ̀ fẹ́ ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ ti di etí bébà mú láti dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ó kà á dé òpin, ó tún kà á. Ó ní kí orúkọ ìlú dákẹ́, kí àwọ̀ ọkọ̀ dákẹ́. Ó rí i pé kẹ̀kẹ́ ẹrù méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọkọ̀ náà ń fà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ́kọ́ lọ dúró sórí ọgbọ̀n. Ó ń gé e lọ, ó ń kọ gbogbo bó ṣe ń gé e sílẹ̀. Ó ku ibi tí yóò ti padà sẹ́yìn, agogo lù. Alábòójútó fa bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Báwo ni?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò parí rẹ̀." Ọkàn mi bàjẹ́. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n n kò sá." A rìn délé. Bí baba ṣe rí wa, kò béèrè nǹkan kan, ó bọ́ sẹ́yìn ilé.

A dúró de èsì títí ara ń ta wá. Àfìgbà tí mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ Tíṣà Ẹkúndayọ̀ lọ́nà odò. Ó ń lù ú láìdákẹ́, gẹ́gẹ́ bí aṣiwèrè. Kò lè dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó gùn ún wọ àárín àwọn adìẹ, ó ṣubú, ó ṣubú tán ó ń pariwo nílẹ̀ níbẹ̀ pé, "Ó yege! Ọdẹ́bùnmi yege!" Ó ní àwọn tó ń yẹ ìwé wò rí gbogbo ọ̀nà tó gbà gé ìbéèrè ńlá náà, wọ́n rí i pé ó mọ̀ ọ́n, wọ́n fún un ní máàkì bí kò tilẹ̀ parí. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ní kó máa bọ̀.

Mo yìnbọn sókè. Ìyá wa ń jó, ó ń sunkún. Baba wa dìde, ó wọ yàrá, a gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ nílẹ̀. Ó wọ́ àpótí kan jáde, àpótí igi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kó aṣọ sí, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọ́n kọ orúkọ Ọdẹ́bùnmi sí ìdérí rẹ̀. Eruku ti bò ó.

Ọdẹ́bùnmi fi ọwọ́ nu eruku náà. Ó ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ ṣe èyí?"

"Ọdún tó kọjá," ni baba wí. "Ọjọ́ tí wọ́n ka èsì yín ni mo lọ bá káfíńtà."

"Ọdún tó kọjá? Bàbá, ṣebí mo kùnà lọ́dún tó kọjá."

Baba wa ń wo ilẹ̀. "O kùnà," ló wí. "Ìyẹn ni mo fi ní kí káfíńtà má kánjú."

Ọmọ tí kò sunkún nínú igbó, tí kò sunkún nínú gbọ̀ngàn, ó jókòó sórí àpótí náà, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Baba dúró tì í, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí, ó wá gbé e lé e lórí. Láti ìgbà tí mo ti mọ baba mi, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Baba ti lọ. Ọdẹ́bùnmi náà ti lọ, lẹ́yìn tó kọ́ àwọn ìyá yín kan tó jókòó sẹ́yìn yìí ní ìṣirò, mo rí wọn tí wọ́n ń nu ojú. Àárò wọn ń sọ mí, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ ohun tí baba mi sọ, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ óò wí fún ọmọ yín lálẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dìde, ẹ gbọn eruku ìdí yín, ẹ lọ jẹun.